A Ò Rí Ìyá Ajá Eléérú Náà

Kò sí ẹnì kan nínú ẹ̀yin ọmọ agbo ilé wa ní Àrẹ̀mọ tó mọ bí a ṣe ń yan ajá. N ò fi bá yín wí o. Ohun tí a ò bá fi han ọmọ, a kì í bi í léèrè. Ṣùgbọ́n nǹkan tó wà nínú ilé ìdáná àtijọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa báyìí, tí a ti irin mọ́, tí mo gbé àga mi kọjú sí láti ọ̀sẹ̀ kan, òun ló mú kí n la ẹnu mi. Ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, n ò lè tò ó bí ẹni to igbá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ilé wa ò ní géètì. Ajá ni géètì. Láti Màpó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ògiri alámọ̀ ló fara ti ògiri, òrùlé páànù tó ti dípẹtà fẹnu kan òrùlé, kò sì sí agbo ilé tí kò ní ajá méjì, mẹ́ta. Ariwo tó ń jí wa láàárọ̀, ìrun pípè ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbígbá ìgbálẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni ayùn Bàbá mi, nítorí káfíńtà ni. Ajá wa kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti pe ìrun, òun náà á na ọrùn sókè, á máa hu lọ gbọọrọ. Ìyá Súlè, ìmàle ni, yàrá rẹ̀ wà lápá kejì àgbàlá. Á sì ké jáde pé:

"Ẹ bá mi kìlọ̀ fún ajá yín o! Ta ló fi í jẹ ládàánì?"

Bàbá mi á ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Súlè. Ó fẹ́ gba kálímà ni."

"Kó kọ́kọ́ lọ wẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìyá Súlè ò jẹ́ kí ajá fẹnu kan bútà àlùwàlá rẹ̀ láyé, àmọ́ bó bá se ẹran tán, òun náà ló ń ju egungun sí i lẹ́yìn ilé, á wá ní òun ò mọ ẹni tó jù ú.

Orúkọ ajá nígbà náà, ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí kò lè bá aládùúgbò rẹ̀ jà lójú, á fi pe ajá. Tiwa ń jẹ́ Ṣebótimọ. Obìnrin kan lọ́ọ̀ọ́kán wa, tí òun àti orogún rẹ̀ kì í kí ara wọn, sọ tirẹ̀ ní Tìrẹńkọ́. Láàárọ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, "Tìrẹńkọ́! Tìrẹńkọ́!" Orogún rẹ̀ á dáhùn láti inú yàrá, "Tèmi wà ńbí, ó ń jẹ̀kọ!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Lónìí, Jákì ni, Bíńgò ni. Orúkọ tí kò bá ẹnikẹ́ni wí.

Ṣùgbọ́n ti yíyàn ni mo fẹ́ sọ. A kì í ra ajá lójú títì. Ilé tí a mọ̀ la ti ń gbà á, a ó sì lọ láàárọ̀, nígbà tí ìyá ajá ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ẹ̀kọ ni a óò mú dání, ti ìyá ajá ni, kì í ṣe ti ọmọ. A ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i. Bó bá gbóòórùn wa tó jẹ ẹ̀kọ náà, ìgbà náà la máa tó wo ọmọ. Bí kò bá gbà, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ń yí kiri, tàbí tí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, a ó kí onílé, a ó padà sílé wa. Bí wọ́n bá ní ìyá ò sí nílé, a ò ní wo ọmọ rárá. Òfin nìyẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò sì ṣòro.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni a ó wá gbé àwọn ọmọ ajá lọ́kọ̀ọ̀kan ní awọ ọrùn. Èyí tó bá han gooro, ajá ìṣeré ọmọdé ni. Èyí tó bá dákẹ́ tó ń wo ojú ẹni, ajá ilé ni. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ àwọ̀. Ta ló ń fi àwọ̀ mú olè?

Ṣebótimọ gbó, ó sì kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé jí irinṣẹ́ Bàbá mi kó, ayùn, òòlù, gbogbo ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Bẹyẹrúnkà tó ń ta pákó fún un. A mọ̀ pé ọkùnrin náà ní abo ajá tó bí. Bàbá mi gba ibẹ̀ lọ, èmi àti àbúrò mi Àṣàkẹ́ sì tẹ̀lé e. Àṣàkẹ́ ló di ẹ̀kọ ìyá ajá mọ́wọ́. Ọmọ ọdún méje ni.

A ò bá ìyá ajá. Onípákó ní àbúrò òun ti mú un lọ sóko. Ọmọ ajá kan ṣoṣo ló wà nínú apẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì nìyí: eérú. Kì í ṣe funfun, kì í ṣe dúdú. Eérú tí oòrùn ń ràn lé lórí, tó ń dán. Èmi ò tíì rí irú rẹ̀ rí, Bàbá mi náà ò rí irú rẹ̀ rí. Ojú Bàbá mi tàn bí ojú ọmọdé. Ó mọ òfin, òun ló kọ́ wa. Mo rí i tó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń wá ìyá ajá náà, lẹ́yìn náà ó gbé ọmọ ajá lé àyà. Àṣàkẹ́ béèrè pé ta ni kóun wá fún lẹ́kọ. Bàbá mi ní, "Ìwọ jẹ ẹ́."

Ó sì jẹ ẹ́ lọ́nà.

Gbogbo Àrẹ̀mọ wá wò ó. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ọjà'ba á yà wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí. Inú wa dùn, ọmọ ajá náà ń dàgbà. Kò kúkú ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí ọjọ́ Òkè'bàdàn fi pé.

Ẹ̀yin mọ ọjọ́ náà lórúkọ. Nígbà tiwa, ìlú á pa lọ́lọ́ láàárọ̀ rẹ̀. Ọjà ò ní ná. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná. Ẹ̀kọ àná àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tútù la máa jẹ. Bó bá wá di ọ̀sán, ariwo á ya! Tọkùnrin tobìnrin á máa kọ orin tí ẹnu ò gbọdọ̀ kọ lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á máa fi ìdí ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, àgbà á gbọ́, á fọwọ́ bojú, á máa rín. Kò sẹ́ni tó lè bínú. Ẹsẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Ọjà'ba lọ́jọ́ náà débi pé eruku dúró sókè bí aṣọ.

Láàárín ariwo yìí ni ajá eléérú bu Àṣàkẹ́ jẹ ní apá, ó já okùn, ó wọ àárín èrò, a ò sì rí i mọ́.

Kí la wí? A ní ariwo ló dẹ́rù bà á. Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá mi ní ó ní láti jẹ́ pé ó sá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà, òun ò sì ní lọ gbà á. Ìtọ́jú tí a mọ̀ nígbà náà ni pé kí a sun irun ajá tó bu ni jẹ, ká fi eérú irun náà sójú egbò. Irun wà lára àpò tó ń sùn lé. Ṣùgbọ́n Òkè'bàdàn ni, iná ò sí. Màámi ń sunkún pé kí wọ́n ṣá iná kékeré kan fóun, pé ìṣáná ẹyọ kan ni. Ìyá Súlè di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ẹ fẹ́ kí ìlú wí kí ni? Ẹ jẹ́ kó dàárọ̀." Bàbá mi náà ní kó dàárọ̀.

Ẹ bá mi wo ìyẹn. Ohun tó gba ọkàn gbogbo wa ni bóyá oògùn tó dúró dàárọ̀ ṣì lè jẹ́. Kò sẹ́ni tó fi ọṣẹ àti omi wẹ ojú egbò náà. Kò sẹ́ni tó sáré dé Bẹyẹrúnkà láti béèrè ìyá ajá.

Egbò náà jiná. Ó jiná dáadáa, a dúpẹ́, a tún gbàgbé. Ó lé ní oṣù kan kí Àṣàkẹ́ tó sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ojú ibẹ̀ ń yún òun bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Màámi bu omi fún un. Ó gbé ife sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ sé, ó ju ife nù, ó ń gbọ̀n. Ó fẹ́ mu omi náà o. Ó ń sunkún pé òun fẹ́ mu ún. N ò ní sọ èyí tó tẹ̀lé e fún yín. Àwọn nǹkan kan wà tí àgbà ń gbé mì.

Lẹ́yìn tí a sin ín, Bàbá mi lọ sí Bẹyẹrúnkà. Onípákó rí i lókèèrè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹ̀rún pákó kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí a tó wá gba ajá ni ìyá rẹ̀ ti ya dìgbòlugi, ó sì bu àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ káàkiri ara. Òun pa ìyá. Òun pa àwọn ọmọ tó kù. Ọwọ́ òun ò gbé ti eléérú nítorí ẹwà rẹ̀, òun sì rò pé bóyá eyín ò kan án. Bàbá mi ò nà án. Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì ra pákó níbòmíràn títí ó fi kú.

Àwọn àgbà ilé pàdé. Wọ́n ní ajá eléérú ò gbọdọ̀ wọ agbo ilé yìí mọ́. Wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Àṣàkẹ́ létí Màámi. A gbọ́ràn. Ibi tí a ti ṣìṣe nìyẹn. A sin ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọmọ. Ohun tó kù fún ẹ̀yin tó dé lẹ́yìn kò ju èèwọ̀ kan tí kò nídìí lọ, bí ẹni ní kí ẹ má fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀. Àwọ̀ ò kúkú pa ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ ló dí wa lójú.

Ẹ wá gbọ́ tòní.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n yọ bátìrì sólà wa lọ lórí òrùlé ní ọ̀sán gangan, àwa kan ń ta ọjà, àwọn kan wà níbi iṣẹ́. Gbádébọ̀ ọmọ ọmọ mi, tó ń ṣe iṣẹ́ iná ní Bẹẹrẹ, ní ajá lóun máa rà, ajá òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Lábúrádọ̀. Ó gbé fóònù wá fún mi. Mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, orí wọn fẹ̀, etí wọn rọ̀ wálẹ̀.

"Màámá, ẹ wò ó. Dúdú rèé, pupa rèé, èyí ni sílífà. Èwo ni ká mú?"

"Kí ló ń jẹ́ sílífà? Eérú ni mo rí."

"Lójú yín ni. Òun ló ṣọ̀wọ́n jù. Ẹ lè yí Ìbàdàn po kẹ́ ẹ má rí èkejì."

Mojí, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti ń fò sókè: "Sílífà! Sílífà!"

Mo ní, "Ìyá rẹ̀ ń kọ́?"

"Ìyá ta ni, Màámá?"

"Ìyá ajá."

Ìyá Mojí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Màámá yìí náà! Ṣé ajá la fẹ́ rà ni àbí aya la fẹ́ fẹ́?"

Mo dá a lóhùn pé, "Aya tí a fẹ́ wálé, ṣé ó léyín tó báyìí? Síbẹ̀ mo dé ilé ìyá rẹ̀." Ó fi ìborùn bojú, gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Gbádébọ̀ ní, "Mo ti gbọ́ pé àwọn àgbà ilé yìí ò fẹ́ eléérú. Ìgbà ti yí padà, Màámá." Mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ náà. Mo yanu. Orúkọ Àṣàkẹ́ dé orí ahọ́n mi, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e mì, n ò mọ bí a ṣe ń pọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀bi mi rèé, n ò gbé e fún ẹlòmíràn.

Oríta-mẹ́rin ni ẹni tó tà á ti gbé e lé Gbádébọ̀ lọ́wọ́ nínú páálí. Kò dé ilé ọkùnrin náà. Wọ́n ní ìyá ajá wà lọ́dọ̀ dókítà ẹran, pé káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń sáré kiri àgbàlá, ó sì lẹ́wà, n ò purọ́. Bí oòrùn bá ràn sí i, ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan da òjé sílẹ̀. N ò sún mọ́ ọn. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Lọ́jọ́ keje, mo ti Ọjà'ba dé, mo bá Mojí pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi wé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

Ìyá Mojí ní, "Wọ́n jọ ń ṣeré ni, Màámá. Eyín ló ń yún ọmọ ajá. Mo ti fi róòbù pa á."

"Ajá náà dà?"

Ó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, nínú òkùnkùn, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

N ò dúró jiyàn. Mo gbé ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn wẹ ibẹ̀ bí nọ́ọ̀sì tó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe kọ́ wa, mo wẹ̀ ẹ́ títí Mojí fi sunkún tó fi rẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́ ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún Gbádébọ̀ tó dúró tì mí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni nílé yìí gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kò ní ìgbà ti yí padà mọ́. Ó pe nọ́ńbà ẹni tó ta ajá, wọ́n ti pa fóònù náà. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ wá ilé náà. Èmi àti Ìyá Mojí gbé ọmọ, ó di ọsibítù.

Ibẹ̀ ló ti bá wa. Wọ́n ti fún Mojí ní abẹ́rẹ́ lójú egbò àti ní apá, ó sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo bi Gbádébọ̀ léèrè pé:

"Ṣé o rí ìyá ajá?"

"Wọ́n ti géètì pa, Màámá. Obìnrin tó ń gbé lọ́ọ̀ọ́kán wọn ní ìyá ajá náà bu ẹni tó ń fún un lóúnjẹ jẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n gbé ajá náà lọ. Wọn ò rí i mọ́."

Ìyá Mojí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní ká má pa ajá náà. Ká tì í mọ́lé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ká máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, bó bá yí padà ká pe àwọn. Ṣùgbọ́n ó na ìka sí Ìyá Mojí: abẹ́rẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ pé, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Nígbà tiwa, kùmọ̀ la máa fà yọ, a ó pa ajá, a ó ní ó ti parí. A ò ní abẹ́rẹ́. Ẹni bá ní ayé àtijọ́ ló dára jù, ẹ ní kó wá bá mi nídìí àga yìí.

Bí mo ṣe dẹni tó ń ṣọ́ ajá nìyí. Igi gígùn ni Gbádébọ̀ fi ń ti oúnjẹ sí i lábẹ́ irin. Èmi ń wò ó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ilé ò wá sẹ́yìnkùlé mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. A gba abẹ́rẹ́ kejì lọ́jọ́ kẹta.

Àná ni Ìyá Mojí wá kúnlẹ̀ tì mí.

"Màámá, ẹ jọ̀ọ́, egbò náà ti gbẹ. Ẹ wò ó, ó ti gbẹ. Abẹ́rẹ́ yẹn ń dun ọmọ. Ajá náà sì ń jẹun, kò ṣe nǹkan kan. Ṣé ó dìgbà tá a bá gba gbogbo rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ti Àṣàkẹ́ náà gbẹ."

Ó dìde, ó lọ. Mo mọ̀ pé kò gbà. Ìyá ọmọ ni, ẹkún ọmọ ló ń gbọ́, kò gbọ́ ti ẹni tó kú kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Mo sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé bí n kò bá jí, yóò fi abẹ́rẹ́ kẹta sílẹ̀.

Láàárọ̀ yìí tó jẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ kẹta, ó gbé ẹ̀kọ mímu mi wá bá mi nídìí àga, ó ní òun fẹ́ kí Mojí lọ síléèwé lónìí, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn á wò ó. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà tí ajá fi gbó nínú ilé ìdáná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ohùn náà kì í ṣe ohùn tí a gbọ́ lánàá. Ó há, ó sì fà lọ sókè bíi ti nǹkan tí wọ́n fún lọ́rùn. Oúnjẹ alẹ́ àná wà níwájú rẹ̀ bí a ṣe tì í sí i. Ó fi eyín di irin mú, ó ń jẹ irin náà, itọ́ ń dà sílẹ̀, kò sì wo ẹnì kankan nínú wa.

Mo ké pe Gbádébọ̀ pé kó pe àwọn tí nọ́ọ̀sì ní ká pè. Nígbà tí mo yíjú, Ìyá Mojí ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Ó ti wà nínú yàrá, ó kúnlẹ̀, ó há káàdì ọsibítù sábẹ́ apá, ó ń di okùn bàtà fún ọmọ rẹ̀.